Ọdún Tí Ikán Jẹ

Ọjọ́ Ajé ni fáìlì náà dé orí tábìlì mi,
ojú-ìwé mọ́kànlélógójì, àwòrán mẹ́fà.
Àwọn ará òkè òkun kan ní àwọn ló kọ́kọ́ ronú kan
ohun èlò tí ń fọwọ́ kan ọ̀pá mọ́tò iná,
tí ń sin iná aṣáko lọ sínú ilẹ̀
kí ó má baà gba inú bẹ́rìn kọjá.
Iṣẹ́ tèmi ni kí n yẹ̀ ẹ́ wò:
ṣé tuntun ni, àbí ayé ti rí i rí?

Mo ka ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ó jẹ́ tiwọn.
Mo tún un kà.
Òórùn fáníìṣì gba imú mi.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, Ìsàlẹ̀-Afọ́n, l'Ógbómọ̀ṣọ́.
Látúnjí, tí ń wé wáyà mọ́tò tó jóná.
Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ Ìyá Oyèlọ́wọ̀ a máa ké bí ọmọ tí inú ń run,
bí ọyẹ́ bá dé, a máa ta àwọn obìnrin lọ́wọ́,
kí oṣù mẹ́ta tó pé, bẹ́rìn rẹ̀ a ti kú.
Bàbá tú u, ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó gbé e sójú oòrùn:
"Àkànkẹ́, wá wò ó. Iná ti kọ ọ́ ní ilà."
Lóòótọ́, ilà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ló tò lára irin
bí gọ̀mbọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ arúgbó.
"Ilé ló ń wá lọ. A ò lànà fún un,
ló bá ń gba àárín yàrá wa kọjá."

Ó tú wáyà àtijọ́, ó di fọ́nrán bàbà bí ọwọ̀,
ó fi síprínì ìjókòó kẹ̀kẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀pá náà,
ó fa ìdí rẹ̀ dé ilẹ̀ tútù lẹ́yìn odi.
Ẹkún tán.

Ọdún wo nìyẹn?
Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ọjọ́ Ẹtì, mo gba Ìlọrin wọlé.
Ìpata ti dá ojú kọ́kọ́rọ́ mọ́, a fi òòlù sí i.
Mọ́tò náà wà lábẹ́ àpò sìmẹ́ńtì,
bàbà ti di ewé, síbẹ̀ ó di irin mú.
Mo rí ìwé gbèsè. Ọwọ́ bàbá mi ni, wọ́gọwọ̀gọ:
Ìyá Oyèlọ́wọ̀, ọwọ̀ iná, náírà mẹ́jọ,
ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Èbìbí, ọdún —
ikán ti jẹ ọdún.
Ó fi gbèsè sílẹ̀, ó jẹ ọdún.

Mo lọ bá ìyá lójúde.
"Ta ni kò rí i? Gbogbo ẹni tó gbé ẹ̀gẹ́ wá ni.
Àwọn ọmọ ń pè é ní irùngbọ̀n mọ́tò."
Ọdún wo, ìyá?
"Ọdún tí mo já Oyèlọ́wọ̀ lẹ́nu ọmú.
Èwo ni ti ọdún? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.
Èmi ńkọ́, tí mo gbọ́ ti ẹnìkejì
tí ẹnìkejì sì jẹ́ bàbá mi?
Àwọn ará ibẹ̀ yẹn lè má purọ́.
Ẹni méjì lè gbẹ́ kànga lọ́tọ̀ọ̀tọ̀
kí wọ́n kan omi kan náà.
Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun lòun kọ́kọ́ mu ún...

Mo jókòó sórí ìjókòó bàbá mi, mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gba fáìlì yìí lọ́wọ́ mi.
Ẹ fún ẹlòmíràn yẹ̀ wò.
Ẹ kọ orúkọ mi sáàárín àwọn ẹlẹ́rìí.

Kí n tó tilẹ̀kùn, mo fi ọwọ́ yí ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan.
Bàbà ń ra irin, ó ń dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́.
Bẹ́rìn kò sọ nǹkan kan.

Mo padà sójúde, mo béèrè
nọ́ńbà Oyèlọ́wọ̀,
àti bóyá ìwé ìbí rẹ̀ ṣì wà.